Àwòrán ojú tí kò jọ ẹni tó ni ín: bí ẹ ó ṣe yà á kó lè jọ ọ́

Ẹ ya ojú, ẹ ya imú, ẹ ya ẹnu. Bí ẹ bá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó burú. Ẹ wá gbé àwòrán náà lé ẹni tó ni fọ́tò lọ́wọ́, ó wò ó títí, ó gbé orí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ó ní, "Ó dáa o. Ta nìyí ná?"

Ṣómólú ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yẹn, níwájú opó kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n sìnkú bàbá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ya irun ìpéǹpéjú bàbá náà níkọ̀ọ̀kan. Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, o ṣeun, ojú yìí dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ mi lo yà yìí." Mo dá owó wọn padà.

Ọ̀ṣọ́ ni mo fi ṣáájú ìwọ̀n. Àlàfo tó wà láàárín ojú méjì, gígùn láti abẹ́ imú dé òkè ètè, ibi tí òjìji gbà kọjá lẹ́rẹ̀kẹ́: àwọn wọ̀nyí ni ọmọ fi ń dá bàbá rẹ̀ mọ̀ láti òdìkejì títì, níbi tí kò ti lè rí irun ìpéǹpéjú kankan. Nítorí náà, ìwọ̀n la ó kọ́kọ́ ṣe, òjìji á tẹ̀ lé e, ọ̀ṣọ́ á wá kẹ́yìn.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà A4. Ẹ má yà á láti ojú fóònù. Fóònù á máa kú, á máa tàn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa yí padà, ẹ ò sì lè fi rúlà lé e.
- Bébà A2 tó nípọn, ó kéré tán giramu 200. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í gba ìparẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.
- Pẹ́ńsù 2H, HB, 2B, 4B àti 6B (H ni èyí tó le tí kì í dú, B ni èyí tó rọ̀ tó ń dú, HB wà láàárín), pẹ̀lú èédú ìyàwòrán. Kì í ṣe èédú ìdáná o, ìyẹn máa ń ha bébà.
- Kílínà méjì: líle kan, àti èyí rírọ̀ tí a ń fọwọ́ pò bí ẹ̀bà.
- Rúlà, téèpù télọ̀, òwú, búrọ́ọ̀ṣì kékeré, dígí àtẹ́lẹwọ́, àti bébà mímọ́ kan tí ẹ ó máa gbé ọwọ́ lé.

Àkókò ńkọ́? Ẹ ya ọjọ́ mẹ́rin sọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé ní 2018, nígbà tí Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, wá sí Shrine n'Íkẹjà, ọmọ ọdún 11 kan jókòó níbẹ̀ tó yà á tán láàárín bíi wákàtí méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ara yín wé ọmọ yẹn.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ò lọ ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán. Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí n'Íjẹ̀bú-Òde ní 1882, ti ya Ìyáàfin Spencer Savage l'Ékòó ní 1906. Ọdún 1920 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́kọ́ kọ́ ọ.

1. Ẹ wá fọ́tò tó ṣeé yà

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ kí pẹ́ńsù tó kan bébà.

Fọ́tò tí èèyàn nawọ́ síwájú fi ya ara rẹ̀ máa ń sọ imú di ńlá, á sì fa etí sẹ́yìn, torí pé imú sún mọ́ kámẹ́rà ju etí lọ. Bí ẹni náà bá wà láàyè, ẹ sún sẹ́yìn tó mítà méjì, kí ẹ fi súùmù fà á mọ́ra. Ẹ gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ pa fíláàṣì, torí pé gbogbo òjìji ló máa ń gbá lọ, ojú á wá dà bí abọ́. Rembrandt, ọ̀gá ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì tó kú ní 1669, fẹ́ràn kí apá kan ojú wà nínú òkùnkùn, kí ìmọ́lẹ̀ kékeré onígun mẹ́ta sì bọ́ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ apá òkùnkùn náà. Títí dòní, àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá onígun mẹ́ta yẹn. Tí ẹ bá rí i, iṣẹ́ ti dé ìdajì.

Ẹ kíyè sí i: kámẹ́rà iwájú lára ọ̀pọ̀ fóònù máa ń yí àwòrán padà bíi ti dígí. Àmì tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún á bọ́ sí òsì, ẹbí á rí i, wọn ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe wọ́n tí àwòrán náà ò fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ wo lẹ́tà tó bá wà lára aṣọ tàbí ògiri bóyá ó kọ̀yìn. Bí kò bá sí lẹ́tà, ẹ wo bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin. Ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ ló yẹ kí bọ́tìnì wà.

Bó bá jẹ́ orí WhatsApp ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi fáìlì. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp á fún un pọ̀, gbogbo etí òjìji á sì kú.

Ti olóògbé ló le jù. Nígbà mìíràn, pásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo tó ti ṣá ló máa ń kù. Ẹ béèrè fún fọ́tò mìíràn, bó tiẹ̀ jẹ́ èyí tó ti wà láàárín èrò níbi ìgbéyàwó. Ẹ kò ní yà á, ẹ ó kàn máa wò ó. Ẹ wá jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú ẹbí, kí ẹ kọ èsì sílẹ̀: ṣé ó ní èjí? Ṣé ó kọlà? Ṣé pélé ni àbí àbàjà, mélòó sì ni lápá kọ̀ọ̀kan? Fọ́tò àtijọ́ máa ń jẹ ilà kan tàbí méjì, ẹbí kò sì ní dárí jì yín bí ẹ bá fi ilà mẹ́ta sójú ẹni tó ní mẹ́rin. Láyé àtijọ́, ní Ọ̀wọ̀, wọ́n máa ń gbẹ́ ère àkó fún olóògbé tó gbajúmọ̀, wọ́n á wọ aṣọ olóògbé fún un, wọ́n á gbé e yí ìlú ká. Bí ojú ère náà kò bá jọ ẹni tó kú, kí ni wọ́n ń gbé kiri? Ojú tí wọ́n fi wo àkó yẹn ni ẹbí á fi wo iṣẹ́ yín.

Àyẹ̀wò: ẹ da ojú fọ́tò dé. Bí ẹ bá lè sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, apá tí àmì wà, àti iye ilà láìwò ó, ẹ máa bá a lọ. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ ò tíì wò ó rárá.

2. Ẹ yan bí ojú á ṣe kọ

Àwọn àgbà tiwa fẹ́ràn kí ojú kọjú síni gan-an: agbádá bo àga, ọwọ́ méjì wà lórí orúnkún, ojú ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ dájọ́. Dürer, ará Jámánì, ya ara rẹ̀ báyẹn ní 1500, ó kọjú sí wa pátápátá bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ya Jésù nígbà náà. Ní ààfin àwọn ọba Mughal ní Íńdíà, ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n sábà ń yà. Àwòrán Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba Ifẹ̀, tí Ben Enwonwu yà ní 1974, tí wọ́n sì tà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, ojú rẹ̀ yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, yíyà díẹ̀ yẹn ni kí ẹ mú. Igi imú á hàn, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ á hàn, ìjọra á sì tètè wá. Ojú tó kọjú síni gan-an kì í dárí jini, torí pé bí ojú kan bá fi mìlímítà méjì ga ju èkejì lọ, gbogbo ilé ló máa rí i.

3. Ẹ ta àwọ̀n

Gíríìdì ni wọ́n ń pè é, èmi ń pè é ní àwọ̀n. Àwọn kan á sọ fún yín pé ìyànjẹ ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ayàwòrán Íjíbítì ìgbàanì ti ń ta á: fún ẹni tó dúró, àpótí 18 láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí. Chuck Close, ará Amẹ́ríkà, fi í ya ojú tó ga ju èèyàn lọ.

A4 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21 sí 29.7, A2 sì jẹ́ 42 sí 59.4. Ìlọ́po méjì ni gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ mú àwọn méjèèjì. Ẹ fa àpótí sẹ̀ǹtímítà 3 sórí fọ́tò, sẹ̀ǹtímítà 6 sórí bébà. Ẹ ó rí àpótí 7 níbùú, 10 lóròó. Ìlà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ á kúrú díẹ̀, kò ṣe nǹkan. Ẹ kọ A dé G sókè, kí ẹ kọ 1 dé 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́, fún méjèèjì. Àwọn àpótí tí ojú àti ẹnu bọ́ sí, ẹ tún pín wọn sí mẹ́rin mẹ́rin.

Pẹ́ńsù 2H ni, kí ọwọ́ sì fúyẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ipa rẹ̀ á wà nínú bébà títí ayé, èédú á sì máa fi í hàn bí ìgbà tí èèyàn jókòó sẹ́yìn wáyà fèrèsé.

Àyẹ̀wò: lórí bébà A2, ẹ fi téèpù télọ̀ wọn láti igun òkè òsì dé igun ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún ìlà àpótí 9, kí ẹ tún wọn èkejì tó dábùú rẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 68.4. Bí wọn ò bá dọ́gba, àwọ̀n yín ti wọ́, ojú náà á sì wọ́. Ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un ta.

4. Ẹ sàmì, ẹ má tíì yàwòrán

Òkìkí yín wà nínú ìpele yìí, ẹ má kánjú níbẹ̀. Àmì tó-tò-tó nìkan ni kí ẹ máa fi HB ṣe: àtàrí, ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, igun méjèèjì ojú kọ̀ọ̀kan, etí ihò imú lọ́tùn-ún lósì, igun ẹnu, ìsàlẹ̀ etí. Fún àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé: nínú àpótí wo ló wà? Báwo ló ṣe jìnnà sí ìlà òsì tó? Báwo ló ṣe jìnnà sí ìlà òkè? Lẹ́yìn náà, ẹ so àwọn àmì pọ̀ pẹ̀lú ìlà tààrà, bí ẹni ń gé pákó. Ìlà tó ń tẹ̀ kò tíì kàn.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú pọ̀ níbí, mo ó mú mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ máa ń gbé ojú méjèèjì sókè jù. Ìdajì orí ni ojú méjèèjì wà, láti àtàrí dé àgbọ̀n. A kì í gbà bẹ́ẹ̀, torí pé a kì í ka iwájú orí sí nǹkan kan. Ẹ fi rúlà wọn orí ẹnikẹ́ni nínú danfó (nínú ọkàn yín o, kí wọ́n má baà bá yín jà), ẹ ó rí i.

Èkejì ni fìlà àti gèlè. Bí ẹ ò bá rí àtàrí, ọwọ́ yín á gé e kúrò, á dà bíi pé wọ́n de gèlè mọ́ àwo. Ẹ kọ́kọ́ sàmì sí ibi tí àtàrí yẹ kó wà, kí ẹ tó ya gèlè lé e lórí.

Ẹ̀kẹta ni òfin inú ìwé pé ìbú imú dọ́gba pẹ̀lú àlàfo àárín ojú méjì. Lára àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti mú un jáde. Ẹ wo dígí. Imú ọ̀pọ̀ nínú wa kọjá ibẹ̀, ẹni tó bá sì fún imú bàbá pọ̀ kí òfin lè pé, bàbá ẹlòmíì ló yà. Ẹ wọn ohun tó wà níwájú yín, kí ẹ jẹ́ kí òfin máa sùn. Nínú ère Yorùbá, orí máa ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga gbogbo ara, nígbà tí orí èèyàn gidi kò ju bí ìdá kan nínú méje lọ. Agbẹ́gilére mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀ nípa orí. Ìyẹn ń pinnu. Àwa tó ń ya fọ́tò olóògbé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ dorí fọ́tò àti bébà kodò, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí orí bá dojú kọlẹ̀, ọpọlọ kì í rántí pé ojú èèyàn ni, ìlà ló máa ń rí. Ibi tó wọ́ á pariwo. Ẹ tún wo àwọn méjèèjì nínú dígí. Lẹ́yìn àyẹ̀wò méjèèjì, ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìlà lásán wọ̀nyí ò bá tíì jọ ẹni náà, kò sí òjìji tó lè gbà á là.

5. Òjìji

Ẹ fi kílínà rírọ̀ pa àwọ̀n náà rẹ́ kó kù fírífírí. Ẹ wá dijú díẹ̀ wo fọ́tò, bí ẹni tí oòrùn ń pa. Ohun gbogbo á pọ̀ di agbègbè dúdú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ya ìrísí àwọn agbègbè yẹn bí ìgbà tí ẹ bá ń ya àwòrán ilẹ̀. Ẹ gbàgbé pé imú ni, ẹ gbàgbé pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni.

Ẹ pín dúdú sí márùn-ún: funfun bébà, 2H, HB, 4B, èédú. Ẹ kọ́kọ́ fi 2H bo gbogbo ojú, yàtọ̀ sí ibi tó ń dán, kí ẹ máa rọra sọ̀ kalẹ̀. Èédú kò gbọ́dọ̀ dé ju inú ihò imú, ọmọlójú, àárín ètè àti abẹ́ àgbọ̀n lọ.

Awọ dúdú ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wo ẹni tó dú, á fi 6B kun gbogbo ojú, ojú á wá di pákó tí iná jó. Bí awọ bá ṣe dú tó ni ibi tó ń dán lára rẹ̀ ṣe máa ń mọ́ tó: iwájú orí, igi imú, òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè ìsàlẹ̀. Dídán yẹn ló ń sọ fún ojú pé awọ dú. Bí ẹ bá ní àyè, ẹ lọ sí Mínísíọ̀mù tó wà l'Óníkan, tó ti wà níbẹ̀ láti 1957, kí ẹ dúró níwájú orí Ifẹ̀ kan. Ní 1938 ni wọ́n ṣalábàápàdé ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí idẹ wọ̀nyẹn ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ rìn yí i ká ní ìdajì òbìrí, kí ẹ máa wo bí òjìji ṣe ń ṣí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú, ìlà yẹn sì tẹ̀ lé ìrísí ojú níbi tó wú àti níbi tó kò. Bẹ́ẹ̀ ni kí pẹ́ńsù yín ṣe: kó tẹ̀ lé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe yí, kó má ṣe dúró tààrà bí òjò.

Ẹ má fi ìka pa á pọ̀. Òróró wà lọ́wọ́, nínú ooru Èkó òógùn sì tún wà, àmì ìka á jókòó síbẹ̀ tí kílínà ò ní lè ká a. Òwú tàbí búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Bébà mímọ́ abẹ́ ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò, pàápàá bí wọ́n bá ti múná lọ tí fáànù ti dúró.

Àyẹ̀wò: ẹ fi fóònù ya iṣẹ́ náà, kí ẹ sọ ọ́ di kékeré bí èékánná. Bí ẹ bá ṣì dá ẹni náà mọ̀, òjìji ti jókòó.

6. Ojú àti ẹnu

Funfun ojú kì í funfun. Ìpéǹpéjú òkè máa ń sọ òjìji lé e, torí náà 2H díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bébà funfun gidi kò gbọ́dọ̀ ju tó-tò-tó kan tó ń dán nínú ọmọlójú, apá kan náà ni kó sì wà nínú ojú méjèèjì. Ẹni tó bá fi funfun sí i yíká, ojú olóògbé á dà bí ti ẹni tó rí olè.

Igun ojú àti igun ẹnu: ẹ jẹ́ kó rọ̀. Ohun tí Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì, ṣe sí àwòrán obìnrin tí wọ́n ń pè ní Mona Lisa nìyẹn, ó jẹ́ kí òjìji bo àwọn igun yẹn, kò sì fa ìlà síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè sọ pé ó ń rẹ́rìn-ín tán tàbí kò rẹ́rìn-ín. Eyín náà kò fẹ́ ìlà láàárín. Ẹ ya òjìji abẹ́ ètè, kí eyín kù bí ìmọ́lẹ̀ kan. Àyàfi èjí o. Èjí gbọ́dọ̀ hàn.

7. Irun, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀

Kíákíá ni kí ẹ ṣe èyí, ẹ má sì ya irun níkọ̀ọ̀kan. Ẹ wo fọ́tò irun tí J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, nínú èyí tí obìnrin kọ ẹ̀yìn sí wa tí irun nìkan ń sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí i pé ìtò òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ ni dídì, kí ó tó jẹ́ irun. Ní ti aṣọ, ìhà tí fìlà tẹ̀ sí àti iye ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ṣe pàtàkì ju gbogbo iṣẹ́ ọnà tó wà lára léèsì lọ, pàápàá bí ẹni náà bá jẹ́ olóyè.

8. Kí ẹ tó gbé e fún wọn

Ẹ fi han ẹnì kan tó mọ onítọ̀hún, láìsọ orúkọ. Ẹ má bi í pé, "Ṣé ó jọ ọ́?" nítorí ìtìjú á mú kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kàn gbé e síwájú rẹ̀ kí ẹ dákẹ́. Bí ó bá dárúkọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó parí. Bí ó bá ní, "Ó jọ ẹ̀gbọ́n wọn," ẹ padà sí ìpele kẹrin, ẹ wọn àlàfo abẹ́ imú àti àgbọ̀n. Níbẹ̀ ló sábà máa ń wà.

Ẹ fọ́n fikisátíìfù (oògùn tó ń mú kí pẹ́ńsù àti èédú dúró lórí bébà) sí i níta gbangba, láti bí ọwọ́ kan gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́ẹ́rẹ́. Síprè irun tí gbogbo wa ń lò nígbà tówó ò sí máa ń sọ bébà di pupa rúsúrúsú tó bá yá, ẹ má fi í sí iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún. Bí ẹ bá sì ń fún oníférémù, ẹ sọ fún un kó fi páálí sí àárín. Gíláàsì kò gbọdọ̀ kan èédú, nítorí nígbà òjò, omi á máa rìn nínú gíláàsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin tò á sì lẹ̀ mọ́ ọn.